Soichiro Honda, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó so ẹ́ńjìnì mọ́ kẹ̀kẹ́

Orúkọ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, gbogbo wa la ti rí i rí lára alùpùpù: Honda. Ọ̀pọ̀ ló rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ lásán ni. Rárá o. Orúkọ ènìyàn ni, ọmọ abúlé bíi tiwa, tí bàbá rẹ̀ ń fi owú àti ẹmú wá oúnjẹ.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1906 ni wọ́n bí Soichiro Honda, ní abúlé Komyo, nítòsí ìlú Hamamatsu ní ilẹ̀ Japan. Gihei, bàbá rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni, ó sì tún máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mika, ìyá rẹ̀, ahunṣọ ni. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ìwé, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ń yí, tó ń dún, òun ló ń wò. Nígbà tó kọ́kọ́ rí mọ́tò lábúlé wọn, ńṣe ló sá tẹ̀lé e, tó ń gbóòórùn epo tó jò sílẹ̀ bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀.

Ní ọdún 1922, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi lọ kọ́ṣẹ́ ní Tokyo, ní ilé àtúnṣe mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Art Shokai. Ẹ má rò pé ọjọ́ tó débẹ̀ ni wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ìtúlẹ̀kùn ẹ́ńjìnì. Ọmọ ọ̀gá ni wọ́n ní kó pọ̀n. Oṣù bíi mélòó kan ló fi ń pọnmọ, tó ń gbálẹ̀, kó tó di pé wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kan irin. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa tó ń ka èyí, ẹ ó ti mọ ohun tí a ń wí! Ó fara dà á. Ní ọdún 1928, ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kó padà sí Hamamatsu láti lọ ṣí ẹ̀ka tirẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbèrú, ṣùgbọ́n títún ohun tí ẹlòmíì ṣe ṣe kò tó o mọ́. Ó fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ òrùka písítọ́ọ̀nù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní segment. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Òrùka tó ń rọ kì í pẹ́ kán. Nígbà tó kó wọn lọ fún ilé-iṣẹ́ Toyota, àádọ́ta ni wọ́n yẹ̀ wò, mẹ́ta péré ló yege. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè sọ ohun tó wà nínú irin fún un. Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Hamamatsu ló yẹ irin náà wò fún un, tó sọ pé èròjà silicon kò tó nínú rẹ̀.

Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó ti gbéyàwó, ó ti ní àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́, síbẹ̀ ó padà lọ jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ohun tó jẹ mọ́ irin rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, kì í ṣe ìdánwò. Nígbà tó yá, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì gba dìpúlómù kankan. Kò dùn ún. Ohun tó wá ti bọ́ sí i lọ́wọ́: òrùka rẹ̀ ti dára.

Ogun wá dé. Bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ilẹ̀ ríri ní ọdún 1945 sì wó èyí tó kù. Ó ta ohun tó ṣẹ́ kù fún Toyota, ó sì sinmi fún bí ọdún kan.

Ní ọdún 1946, ìyà ń jẹ gbogbo ilẹ̀ Japan. Ọkọ̀ ojú irin kún fọ́fọ́, mọ́tò kò tó, ẹsáǹsì wọ́n bí ojú. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn obìnrin ń fẹsẹ̀ wà lọ sí oko láti wá oúnjẹ, Sachi ìyàwó Honda náà wà lára wọn. Ibẹ̀ ni Honda ti rí ẹ́ńjìnì kékeré kan tí àwọn ọmọ ogun fi ń fún rédíò wọn ní iná, bíi ti groupe kékeré tí a ń lò nílé. Ó ní kí òun so ó mọ́ kẹ̀kẹ́.

Ó kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì náà síwájú, kí rọ́bà máa yí táyà iwájú, bí Solex tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún yẹn gan-an. Táyà ìgbà náà kò lè gbà á. Ó wá gbé e sí àárín kẹ̀kẹ́, ó fi bẹ́líìtì rọ́bà so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò rí táǹkì. Agolo tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń rọ omi gbígbóná sí láti fi mú ibùsùn móoru lásìkò òtútù ló sọ di táǹkì. Ẹsáǹsì kò tó, ó ra gbòǹgbò igi tí àwọn Faransé ń pè ní pin, ó fún epo rẹ̀, ó pò ó mọ́ ẹsáǹsì. Àwa tí a ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà tí ìgò kpayo tò sí, a mọ ohun tí ẹni tí kò rí epo lè ṣe.

Sachi ló fi dán an wò láàárín ìlú. Epo ta sí i láṣọ, ó wí fún ọkọ rẹ̀, ọkọ sì lọ tún un ṣe. Bí ìròyìn ṣe tàn nìyẹn. Ẹ́ńjìnì bíi 500 ló rí kó jọ, gbogbo rẹ̀ ló tà. Nígbà tí wọ́n tán, kò sọ pé iṣẹ́ ti parí: ní ọdún 1947, ó ṣe ẹ́ńjìnì tirẹ̀. Bí kò bá ti jókòó sí kíláàsì nítorí òrùka lọ́jọ́sí, ibo ni ì bá ti rí ọgbọ́n yẹn?

Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1948 ló dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Takeo Fujisawa dára pọ̀ mọ́ ọn: Honda ń ṣe ẹ́ńjìnì, Fujisawa ń wá owó àti oníbàárà. Ní ọdún 1952, Fujisawa kọ lẹ́tà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ jákèjádò Japan, kí wọ́n lè máa ta ẹ́ńjìnì tí ènìyàn lè so mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1958, Super Cub jáde. Nígbà tó fi di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe 100 mílíọ̀nù rẹ̀.

A ò ní fi èkejì pa mọ́. Honda máa ń bínú gan-an, ó sì máa ń na òṣìṣẹ́, kódà ó máa ń fi irin iṣẹ́ lu wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì wa, ẹ má kọ́ ìyẹn lára rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá kọ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1973, òun àti Fujisawa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fi ilé-iṣẹ́ náà jogún fún ọmọ rẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ló kú, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí ni pé lọ́dọ̀ọ́ wa, bí ọmọ kò bá yege BEPC, a óò ní ìwé ti já a sílẹ̀, ká mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì bí ẹni tó ju ẹrù nù. Bó bá sì débẹ̀, a kì í ní kó ṣí ìwé mọ́. Àwa olùkọ́ náà jẹ nínú ẹ̀bi yẹn, torí a máa ń wo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bí ẹni tó ti jáde lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ń tú groupe sílẹ̀ nínú ilé, ẹ má na án. Ẹ bi í pé kí ló ń mú un yí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ olùkọ́ físíìsì, ì báà ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kíláàsì kò gbọdọ̀ tì mọ́ ọn.