Ali Farka Touré: Àgbẹ̀, Olórin àti Olùṣe Ohun-èlò Orin Létí Odò Ọya

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti jó sákárà rí ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, nígbà tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, mọ ohùn gòjé dáadáa. Igbá ni a fi ń ṣe é. Awọ ni a fi ń bo ojú igbá náà, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, ọ̀pá títẹ̀ tí a so irun ẹṣin mọ́ ni a sì ń fà lójú okùn náà títí yóò fi máa ké bí ènìyàn. Àwọn tó bá gbọ́ àwo Yusuf Ọlátúnjí yóò mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni gòjé ti dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìbátan rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ pápá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Gonje ni àwọn Dagomba ní Ghana ń pè é. Èyí tó kéré jù ú lọ, tó ní okùn kan ṣoṣo, ni àwọn Songhai ilẹ̀ Mali ń pè ní njarka. Ìtàn ẹni tó gbé njarka kúrò ní abúlé títí gbogbo ayé fi gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyí.

Ọdún 1939 ni a bí Ali Touré ní abúlé Kanau, létí Odò Ọya, ní apá àríwá Mali. Ọmọkùnrin kẹwàá ni ó jẹ́ fún ìyá rẹ̀, òun nìkan ni kò sì kú ní kékeré. Nítorí èyí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Farka, tí í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí ẹranko náà lágídí, ó sì lè fara da ìyà. Ìyá tó bá ti sin ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá kì yóò béèrè ìdí orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní Kòkúmọ́, a sì ní Ààtàn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìbí rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú sínú iṣẹ́ ológun Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Niafunké, ìlú kékeré mìíràn létí odò kan náà, ibẹ̀ ni ó sì fi ṣe ilé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ oko ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Bí ìlù ti jẹ́ ti ìdílé Àyàn lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni orin jẹ́ ti àwọn ìdílé kan ní Mali. Ìdílé ọlọ́lá, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun ṣẹ̀, ni ti Touré, kò sì bójú mu kí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa kọrin kiri. Kò sí ẹni tí yóò jókòó kọ́ ọ ní orin nínú ilé, kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní ohun-èlò. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méjìlá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gurkel, ohun-èlò olókùn kan tí a ń fi ìka ta. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ njarka.

Ohun tó fa ọmọ náà mọ́ orin ni àwọn ètùtù tí wọ́n máa ń ṣe létí odò. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni pé ohùn gurkel àti njarka a máa pe àwọn ẹbọra inú omi. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun pàdé ejò kan tí kì í ṣe ejò lásán, tí àìsàn sì kọlu òun lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Hombori, níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Mùsùlùmí tó fọwọ́ pàtàkì mú ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó jẹ́, síbẹ̀ kò fi ìtàn yìí pamọ́ rí.

Ní ọdún 1956, ó rí ẹgbẹ́ oníjó Keita Fodéba láti ilẹ̀ Guinea, ó rí bí wọ́n ti ń ta gìtá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn orin okùn kan tó mọ̀ sórí gìtá olókùn mẹ́fà. Ó ṣe awakọ̀, ó ṣe mẹkáníìkì. Lẹ́yìn tí Mali gba òmìnira ní ọdún 1960, ó di olórí ẹgbẹ́ eléré Niafunké. Ọdún 1968 ni ó kọ́kọ́ rin ìrìn àjò jáde nílẹ̀ Áfíríkà, sí Sofia ní Bulgaria, fún àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ra gìtá tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Láti ọdún 1970, ó ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ohùn ní Rédíò Mali ní Bamako fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ orin John Lee Hooker, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ó rò pé ọmọ Mali ló ń kọrin ni. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ń fi orúkọ Hooker pe òun náà, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni gbòǹgbò, ẹ̀ka ni ti Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn àwọn àwo tó ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Paris, ó lọ kọrin ní London ní ọdún 1987, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní ọdún 1994, òun àti Ry Cooder ṣe àwo Talking Timbuktu, èyí tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Ọ̀pọ̀ olórin ni ì bá ti kó ẹrù lọ sí ìlú òyìnbó lẹ́yìn irú èyí. Niafunké ni òun padà sí. Ó fi owó orin ra ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú odò, ó sì sọ ilẹ̀ gbígbẹ di oko ìrẹsì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ àwo mìíràn, àwọn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ wá bá a, wọ́n sì ní láti dúró títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi dilẹ̀ nínú oko. Àwo náà jáde ní ọdún 1999. Niafunké ni wọ́n sọ ọ́.

Ní ọdún 2004, àwọn ará ìlú yàn án ní olórí ìlú. Owó àpò ara rẹ̀ ni ó ná sórí títún ojú ọ̀nà ṣe, lílà gọ́tà àti pípèsè iná mọ̀nàmọ́ná. Àrùn jẹjẹrẹ inú egungun ti ń dà á láàmú nígbà náà. Ó gba Grammy kejì ní oṣù Èrèlé ọdún 2006, pẹ̀lú Toumani Diabaté. Ní oṣù Ẹrẹ́nà tó tẹ̀ lé e, ó kú ní Bamako. Rédíò ìjọba dá ètò rẹ̀ dúró, orin rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé jáde. Niafunké ni wọ́n sin ín sí.

Ohun kan yani lẹ́nu. Ọkùnrin yìí, tí ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kó ṣe orin, kò fẹ́ kí Vieux ọmọ rẹ̀ ṣe orin pẹ̀lú. Iṣẹ́ ológun ni ó fẹ́ fún un. Ọmọ náà kọ̀, ó ń fi gìtá dánra wò ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí àìsàn ti wọ bàbá lára tán, ó gbà fún ọmọ rẹ̀, ó sì bá a ta gìtá nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde lẹ́yìn tí bàbá ti lọ.