Jules Ferry, Aṣòfin Tó Sọ Ilé-Ìwé Di Ọ̀fẹ́ ní Ilẹ̀ Faransé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọkùnrin kan tí ó ti kú tipẹ́ ni a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí. Jules Ferry ni orúkọ rẹ̀. Bí àwọn Faransé ti ń pè é ni Ṣúùlì Fẹrí. Bí ẹ bá dé ilẹ̀ wọn, ẹ ó rí orúkọ yìí lára ògiri ilé-ìwé ní ìlú púpọ̀. Iṣẹ́ aṣòfin ni ó ṣe jù láyé rẹ̀. Bí àgbẹ̀ ti ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni aṣòfin ń fi ẹnu ṣiṣẹ́. Ohun tí Ferry fi ẹnu rẹ̀ ṣe nínú ilé aṣòfin kan ọmọ Faransé, ó sì kan àwa náà.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1832 ni wọ́n bí i, ní Saint-Dié, ìlú kan lẹ́bàá òkè Vosges, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Òun náà kọ́ òfin, ó di agbẹjọ́rò ní Paris, ó sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Napoléon Kẹta ló ń jọba nígbà náà. Ferry kò fẹ́ ìjọba rẹ̀, kò sì fi í pamọ́. Ní ọdún 1869 àwọn ará Paris dìbò fún un, ó sì wọ ilé aṣòfin.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1870, ó dúró níwájú èrò ní Paris, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nínú gbogbo ìṣòro ìlú, ẹyọ kan ṣoṣo ni òun yóò mú, tí òun yóò fi gbogbo agbára òun lé lórí: ẹ̀kọ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Ó ní bí ọ̀kan bá mọ̀wé tí èkejì kò mọ̀ ọ́n, nítorí ilé tí a bí kálukú sí, a kò lè sọ pé àwọn méjèèjì dọ́gba. Ó ní kí a kọ́ obìnrin náà bí a ti ń kọ́ ọkùnrin.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Jámánì. Àwọn ọmọ ogun Jámánì yí Paris ká, oúnjẹ sì wọ́n. Ferry ni wọ́n fi ṣe alákòóso ìlú náà, òun ló ń pín búrẹ́dì fún ará ìlú. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ferry Ìyàn. Faransé pàdánù ogun náà. Ní 1871 Jámánì gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ wọn. Ibodè tuntun kò jìnnà sí Saint-Dié, ìlú tí wọ́n bí Ferry sí.

Ní oṣù kejì ọdún 1879 ó di mínísítà ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sì gba ilé aṣòfin kan. Ẹ gbọ́ bí nǹkan ti rí kí òfin tuntun tó dé. Ilé-ìwé wà, ṣùgbọ́n òbí ló ń san owó rẹ̀. Ọmọ tálákà lè wọlé láìsan owó, bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aláìní ìlú. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ òun síbẹ̀? Àwọn kan nínú ilé aṣòfin ní kí olówó máa san tirẹ̀, kí ìjọba má fi owó ìlú kọ́ ọmọ ọlọ́rọ̀. Lójú Ferry, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì lè fi ọwọ́ tọ́ka èyí tí kò san owó. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1881, owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba dópin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀ranyàn. Ibí ni iyàn ti gbóná. Àwọn alátakò ní bàbá ló ni ọmọ, ìjọba kọ́ ni. Àwọn mìíràn ní bí ọmọ bá wà ní ilé-ìwé, ta ni yóò bá àgbẹ̀ kórè? Ẹ̀yin tí ẹ ń ti oko wá sí kíláàsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Òfin náà sì gbọ́ ọ: ó gbà kí òbí bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti kúrò ní ilé-ìwé fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dún, yàtọ̀ sí ìgbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó bá kàn mú ọmọ jókòó sílé láìní ìdí, wọ́n á kọ́kọ́ pè é, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá tún ṣe é, wọ́n á lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba ìlú fún ọjọ́ 15 tàbí oṣù kan, kí gbogbo ayé kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló le jù. Ferry fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kúrò nínú ilé-ìwé ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù Freppel, tí òun náà jẹ́ aṣòfin, bá a jà kíkankíkan. Ní ilé aṣòfin àgbà, Jules Simon fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé olùkọ́ yóò kọ́ ọmọ ní ojúṣe rẹ̀ sí Ọlọ́run. Òfin náà lọ, ó bọ̀, láti ilé kan sí èkejì. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1882 ni ó tó fìdí múlẹ̀. Gbogbo ọmọ láti ọdún mẹ́fà sí mẹ́tàlá, ọkùnrin àti obìnrin, gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní kíláàsì, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ilé-ìwé yóò fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí òbí tó bá fẹ́ lè mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀sìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1883 Ferry kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí bàbá ọmọ kan ṣoṣo lè gbọ́ kí ó bínú, kí olùkọ́ má sọ ọ́. Ìmọ̀ràn rere ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ rọ́rọ́ mú àwọn àlùfáà: ní 1880 ìjọba rẹ̀ ti lé àwọn Jésúìtì kúrò nínú ilé wọn.

Bí ìwé yìí bá dúró síbí, ẹ ó máa yìn ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó kù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ferry ṣe olórí ìjọba. Ní àkókò rẹ̀ ni Faransé gba Tunisia ní 1881, tí wọ́n sì jagun ní Tonkin, ní ilẹ̀ Vietnam. Ní 1883, nígbà Ọba Tọ́fà, àsíá Faransé tún padà sí Àjàṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn dé ní 1885 pé àwọn ọmọ ogun Faransé ti sá kúrò ní Lạng Sơn, àwọn aṣòfin dìde sí i, ìjọba rẹ̀ sì ṣubú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ilé aṣòfin ń jiyàn lórí owó ogun Madagascar. Ferry dìde. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ń fi owó ibodè sé ọjà Faransé mọ́ta, nítorí náà Faransé gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa tajà fún. Ó ní ọkọ̀ ogun ojú omi nílò èbúté tí yóò ti máa gba èédú. Ó sì ní ẹ̀yà ènìyàn tó ga jù ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀yà tó rẹlẹ̀, nítorí pé ojúṣe rẹ̀ ni láti là wọ́n lójú. Ẹ ti mọ ẹni tí ó ń pè ní ẹ̀yà tó rẹlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo Faransé ló gbà fún un. Jules Maigne pariwo láti orí ìjókòó rẹ̀, ó bi í bí ó ṣe lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tó kéde ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Georges Clemenceau dá a lóhùn. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì ti ń fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣàlàyé pé Faransé ṣubú lójú ogun nítorí pé ẹ̀yà rẹlẹ̀ ni wọ́n, òun máa ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó pe ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yà rẹlẹ̀. Síbẹ̀, ilé dìbò, wọ́n fọwọ́ sí owó náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Ọ̀gágun Dodds wọ Abomey. Dahomey bọ́ sọ́wọ́ wọn. Òfin 1882 kò bá wọn wọ ọkọ̀ wá. Ilé-ìwé dé, ti ìjọba àti ti míṣọ́nnárì, ṣùgbọ́n kò tó gbogbo ọmọ, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Bóyá àwọn òbí yín ti sọ fún yín nípa nǹkan tí wọ́n máa ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ilé rẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú òfin Ferry. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé gan-an, ní Bretagne, wọ́n fi irú rẹ̀ jẹ àwọn ọmọ tí ń sọ èdè ìyá wọn níyà.

Kí a má rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí ó darúgbó, Ferry bá àwọn aṣòfin àgbà lọ sí Algeria ní 1892. Ó rí bí àwọn Faransé tó tẹ̀dó síbẹ̀ ti ń ṣe àwọn onílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn tí ó mú wá fún ilé pé kò dára. Kò sọ pé kí wọ́n dá ilẹ̀ padà.

Ara rẹ̀ kò le mọ́ nígbà náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1887 ọkùnrin kan ti yìnbọn lù ú nínú ilé aṣòfin. Ní oṣù kejì ọdún 1893 wọ́n fi ṣe olórí ilé aṣòfin àgbà. Kò pé oṣù kan tí ó fi kú, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta.

Ó ti kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n sin òun sí Saint-Dié, kí wọ́n kọ ojú òun sí òkè Vosges, nítorí pé láti ìhà ibẹ̀ ni òun ti máa ń gbọ́ igbe àwọn tí wọ́n fi ogun gba ilẹ̀ wọn.