Ìgbéyàwó Ìyálóde Tinúubú: Ẹ̀kọ́ Fún Ilé Tí Ọmọ Kò Sí

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń pa ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́kún nínú ilé wa: àìrọ́mọbí. Bí ọdún ìgbéyàwó bá ń gorí ọdún tí ọmọ kò sí, ẹnu àna kì í dákẹ́, ti aládùúgbò kì í dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ìyá kan tí tọmọdé tàgbà mọ orúkọ rẹ̀ láti Kútọ̀ dé gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ọkọ. Ìyá náà ni Ẹfúnróyè Tinúubú.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1810, kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Ará Òwu ni ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó bí ọmọkùnrin méjì fún un kí ọkọ náà tó kú. Ní ọdún 1833, Adélé fẹ́ ẹ. Ọba Èkó ni Adélé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé e kúrò lórí oyè, Àgbádárìgì ló wà nígbà náà. Tinúubú kó ọmọ méjèèjì dání, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà kú sí.

Ní ọdún 1835, Adélé padà sórí oyè l'Ékòó, Tinúubú sì di olorì. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀ tí ọba fi wàjà. Obìnrin tí ó ti sin ọkọ méjì àti ọmọ méjì, kí ni kò yẹ kó fi ọwọ́ lẹ́rán? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ Yésúfù Bàdà, tí wọ́n tún ń pè ní Ọbadìnà, olórí ogun Ọba Olúwọlé. Tọkọtaya yìí jọ ṣòwò láàárín Èkó àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá títí òwò náà fi gbilẹ̀.

A kò ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: yàtọ̀ sí epo, iyọ̀, tábà àti ìbọn, Tinúubú ta ènìyàn lẹ́rú. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, ẹkún ìyá wọn kò sì kéré sí ẹkún tí òun náà sun. Ẹni tí a bá ń yìn, ó yẹ kí a sọ àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè ní ọdún 1845, Tinúubú dúró ti Akíntóyè títí ó fi padà ní ọdún 1851. Lábẹ́ Dòsùnmú, agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ará òun àti Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ara wọn mọ́. Ní ọdún 1856 wọ́n lé e kúrò l'Ékòó, ó sì padà sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun Dàhómì dé ní ọdún 1864, ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Lọ́dún náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ọdún 1887 ló kú, kò sì fi ọmọ kankan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ oyè yẹn dáadáa: ìyá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọmọ láyé ni gbogbo ìlú ń pè ní ìyá. Ṣé èyí ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí? Nana Aishat, ìyàwó Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kò bímọ rárá, síbẹ̀ ìyá gbogbo onígbàgbọ́ òdodo ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn sàábé ti ń béèrè ìmọ̀. Ọlọ́hun ló ń fún ẹni tó wù ú lọ́mọ, Òun náà ló sì ń fi ẹni tó wù ú sílẹ̀ láìbí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ dáàbò bo ìyàwó yín lọ́wọ́ ẹnu ẹbí. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ fà á mọ́ra bí ọmọ yín. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ ń retí, ẹ má jẹ́ kí ìrètí yín di ẹ̀wọ̀n: ẹ kàwé, ẹ ṣòwò, ẹ ṣe ìlú lóore. Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere tá gbogbo àwọn tó ń wá a lọ́rẹ. Àmín.