Lámbò: Dókítà Tó Fi Abúlé Ṣe Ilé Ìwòsàn

Ẹ ti gbọ́ ọ nínú ọgbà ilé ìwé wa: bí ẹnì kan bá ṣe nǹkan tí kò yé àwọn yòókù, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Aro. Ẹ̀rín á sọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ọkùnrin tó sọ Aro di ibi tí àwọn dókítà òyìnbó ń wá kẹ́kọ̀ọ́? Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Thomas Adéoyè Lámbò lọ́dún 1923. Baptist Boys' High School tó wà nílùú náà ló lọ. Ó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní London. Lọ́dún 1954, ó padà sílé láti wá jẹ́ ọ̀gá ní Aro.

Kí ló bá nílé? Ní Lantoro, l'Abẹ́òkúta kan náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí. Ilé ìwòsàn Aro fúnra rẹ̀, wọn ò tíì kọ́ ọ tán. Ẹlòmíì ì bá jókòó máa retí ìjọba, Lámbò ò dúró. Ó bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Aro ká sọ ọ́, wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, wọ́n ń gbowó ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá wá o! Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹbí míì gbọ́dọ̀ bá a wá, tí á máa se oúnjẹ fún un, tí á sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó di abúlé, láàárín àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà bá àwọn ará abúlé rí sí omi àti ẹ̀fọn, ó tún yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn.

Lámbò ò pa oògùn òyìnbó tì. Ó kàn pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ ọn ni. Bí aláìsàn bá ní ayé ń ṣe òun, wọ́n mọ ohun tó ń sọ.

Lọ́dún 1953, Carothers, dókítà òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ̀wé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó fi aláwọ̀ dúdú wé òyìnbó tí wọ́n ti gé lára ọpọlọ rẹ̀. Lámbò ò gbà. Òun àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà wádìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì rí i pé irú àìsàn ọpọlọ tó wà níbòmíì ló wà lọ́dọ̀ wa náà. Nígbà tó yá, Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ọ̀hún! Ó ti kọ́kọ́ jẹ́ gíwá Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968. Ó kú lọ́dún 2004.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àhámọ́ kì í ṣe oògùn ọpọlọ. Bí a bá ń fi Aro bú ara wa, ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, á panu mọ́ ni. Ní Aro ti Lámbò, aláìsàn kì í dá wá. Ní kíláàsì tiwa, ta ló máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ rí olùkọ́?