ABEBE BIKILA: KÌ Í ṢE ÀÌNÍ BÀTÀ LÓ GBÉ E DÉBẸ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnì kan bá dárúkọ Abebe Bikila nílé ìwé wa, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ: ọkùnrin ará Ethiópíà tí kò rówó ra bàtà, tó fi ẹsẹ̀ lásán sáré, tó sì gba wúrà. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá jẹ́ àìní bàtà ló ń sọni di olúborí, ṣebí gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán ní Ajégúnlẹ̀ ì bá ti gba wúrà tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1932 ni wọ́n bí i ní abúlé Jato, lórí ilẹ̀ olókè ní Ethiópíà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń sáré marathon ti Òlíńpíìkì nílùú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Abebe ni orúkọ òun fúnra rẹ̀, Bikila ni orúkọ bàbá rẹ̀, torí pé àwọn ará Ethiópíà kì í jẹ́ orúkọ ìdílé bíi tiwa. Ẹni tó bá ń pè é ní Bikila, bàbá ló ń pè. Èmi á máa pè é ní Abebe. Ọmọ darandaran ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mussolini láti Ítálì ya wọ ilẹ̀ wọn ní 1935, tí ìdílé rẹ̀ sì ní láti sá kúrò nílé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Addis Ababa, ó sì di sójà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba Haile Selassie. Iṣẹ́ sójà ló fi ń jẹun. Eré sísá kò mówó wá nígbà yẹn, òfin Òlíńpíìkì kò tiẹ̀ gba ẹni tó bá ń fi eré ìdárayá ṣe iṣẹ́ òòjọ́ láyè. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ gan-an ló yẹ ká máa sọ. Wọ́n ní láti orí àwọn òkè Sululta ló ti máa ń sáré wá sí Addis Ababa, nǹkan bíi kìlómítà 20, á sì tún sá a padà. Addis Ababa fi bíi mítà 2,300 ga ju òkun lọ. (Àpápá tiwa rèé, díẹ̀ ló kù kí omi bá wa dọ́gba!) Lórí òkè bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí sínú kì í tó, ara á wá máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i nínú ẹ̀jẹ̀ kí díẹ̀ tó wà lè káàkiri. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi olùkọ́ Báyọ́lọ́jì wa. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó ará Sweden kan, Onni Niskanen, tí ìjọba gbà láti máa tọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, rí i, tó sì di kóòṣì rẹ̀.

Eré marathon, tí àwọn kan ń pè ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, kìlómítà 42 ó lé mítà 195 ni. Tí wọ́n bá ní kó o sá a lórí pápá onímítà 400, wàá yí i ká nígbà 105 àtààbọ̀. Mítà 1,500 tí kò tó ìgbà mẹ́rin, àwa ti ń di ìhà mú. Tí a bá sì ní ká sọ òótọ́, ibo lèèyàn fẹ́ ti sá eré gígùn níbí? Àfi àdúgbò GRA láàárọ̀ kùtù, torí tírélà ti gba ojú ọ̀nà Wharf àti Creek.

Ó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960 ní Róòmù. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, nítorí oòrùn. Bàtà tuntun tí Abebe gbìyànjú níbẹ̀ kò bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ó ti máa ń sáré láìwọ bàtà nílé tẹ́lẹ̀, nítorí náà òun àti Niskanen gbà pé kó bọ́ ọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní o! Kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì fún àwa adúláwọ̀: àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó lọ sí ìlú ọba ní 1949, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a.

Bí eré ṣe ń lọ, gbogbo èèyàn ń já sẹ́yìn, ó wá ku Abebe àti Rhadi Ben Abdesselam, ọmọ Mòrókò. Ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn sójà tó gbé iná ògùṣọ̀ dání ló ń tànmọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà Appia àtijọ́. Ibi tí ìtàn yìí ti wọ̀ mí lára jù rèé. Abebe àti kóòṣì rẹ̀ ti lọ wo ojú ọ̀nà náà ṣáájú, wọ́n sì ti rí ọwọ̀n òkúta gíga kan tó wà níbẹ̀. Ará ilé wọn ni ọwọ̀n náà! Ìlú Axum ní Ethiópíà ni àwọn ará Ítálì ti kó o ní 1937, lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn. (Ọdún 2005 ni wọ́n tó dá a padà.) Ìtòsí ọwọ̀n yẹn ni Abebe ti yọ sílẹ̀, tó fi Rhadi sẹ́yìn. Ó dé ẹnu ibodè Constantine lẹ́yìn wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Kò sẹ́ni tó tíì sá marathon yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Rhadi fi ìṣẹ́jú àáyá 25 tẹ̀lé e. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba wúrà Òlíńpíìkì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà gba òmìnira.

Tokyo, ọdún 1964: ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú eré ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì rẹ̀. Ta ló máa retí pé kó tiẹ̀ sáré? Ó sá a. Ó wọ bàtà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó sì parí rẹ̀ ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá kí ẹni kejì tó dé, Abebe ti wà lórí koríko tó ń na ara bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba wúrà marathon Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ lásán ni àṣírí ẹ̀, bàtà ló wọ̀ tó fi fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yára ju ti Róòmù lọ.

Ní Mexico ní 1968, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì jáwọ́ lẹ́yìn bíi kìlómítà 17. Mamo Wolde, ọmọ ìlú rẹ̀, ló gba wúrà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ọdún 1969, Volkswagen rẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìjàpá, yí dànù. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti fara pa. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù Stoke Mandeville ní Ìlú Ọba, ó sì lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ padà ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà o. Apá yìí ni a kì í sọ, bẹ́ẹ̀ òun ló yà mí lẹ́nu jù. Látorí àga oníkẹ̀kẹ́, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọfà, ó sì bá àwọn aláàbọ̀ ara díje. Ó dé Norway, ó díje lórí pákó tí ajá ń wọ́ lórí yìnyín, kìlómítà 25, ó sì borí!

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ló kú, ẹni ọdún 41. Ẹ̀jẹ̀ ló ya sí i lọ́pọlọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tú jáde nígbà ìsìnkú rẹ̀ ní Addis Ababa, ọba náà sì wà níbẹ̀.

Ní 2010, tó pé àádọ́ta ọdún tí Abebe ti borí ní Róòmù, ọmọ Ethiópíà kan, Siraj Gena, ló ṣáájú nínú marathon ìlú náà. Nígbà tó ku bíi mítà 300, ó dúró, ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sá ìyókù. Bàtà tiẹ̀ bá a lẹ́sẹ̀ mu dáadáa o.