Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson: Ìwé, Owó àti Ìgbàgbọ́

Ní àkókò ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún Ìjọ wa yìí, ìbéèrè kan wà tí àwa àgbà kò lè ṣe aláì bi ara wa: ǹjẹ́ ìwé àti owó a máa ba ìgbàgbọ́ jẹ́ bí? Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba Ìhìnrere ní ilẹ̀ wa kò mọ ìwé, wọn kò sì ní ọrọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí inúnibíni dé bá wọn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1849, wọn kò sẹ́ Olúwa wọn. Lónìí àwọn ọmọ wa kàwé, ilé wa sì kún, ṣùgbọ́n àwọn àga kan ṣófo nínú ilé Ọlọ́run. Àwa kò fẹ́ fi àròyé dáhùn ìbéèrè náà. Ìgbésí ayé ẹnìkan ni a ó yẹ̀wò, èyíinì ni Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Holy Johnson nítorí ìwà mímọ́ àti ìkóra-ẹni-níjàánu rẹ̀.

Ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1836. Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, Ìjẹ̀bú sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Wọn kò ní ogún kan tí wọn ìbá fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn ju ìgbàgbọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ó wọ Grammar School ti Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Freetown, ó tẹ̀síwájú lọ sí Fourah Bay, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1858. Ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó wọ iṣẹ́ àlùfáà ní ọdún 1863.

Ní àkókò náà, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Sàró ń fi ìwé ṣe àkàbà láti fi gòkè kúrò láàárín àwọn ènìyàn wọn. Aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà sí ọlá. Johnson kò rí ọ̀ràn náà bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1872 sí 1873, ó wà lára àwọn tí ó rọ Gómìnà Pope-Hennessy pé kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ láìkọ ara wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1876 ni a so Fourah Bay pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham. Kí á ṣàkíyèsí èyí: ẹni tí a mọ̀ sí ẹni mímọ́ kò bẹ̀rù ìwé, púpọ̀ sí i ni ó ń bèèrè fún.

Ní ọdún 1874 ni a gbé e wá sí Èkó, ó sì di àlùfáà ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Níbẹ̀ ni ó ti ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n fi orúkọ Yorùbá ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, nítorí ó gbàgbọ́ pé kì í ṣe orúkọ òkèèrè ni ó ń sọ ènìyàn di Kristẹni.

Ìdánwò tí ó tóbi jùlọ wá nígbà tí Ẹgbẹ́ C.M.S. fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ inú ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1876, tí ó sì lọ jókòó sí Abẹ́òkúta. Àwọn ìjọ Ẹ̀gbá nígbà náà kì í ṣe ìjọ tálákà mọ́. Àwọn oníṣòwò ńlá wà nínú wọn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó sì ń ṣiṣẹ́ oko wọn tí ó ń ru ẹrù wọn. Johnson béèrè pé kí àwọn Kristẹni jọ̀wọ́ ẹrú wọn. Ó kọ̀ fún àwọn olóbìnrin púpọ̀. Ó sì fi kún owó kíláàsì, nítorí ó fẹ́ kí ìjọ dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ó má ṣe máa gbára lé ìtọrẹ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì títí ayé.

Ẹkún àti ìkùnsínú pọ̀. Òtítọ́ ni a gbọ́dọ̀ sọ: ọwọ́ rẹ̀ le. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1877 ti da ọ̀nà òwò rú, àwọn tálákà tí owó kíláàsì náà wúwo fún sì wà nínú àwọn tí ń kùn, kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Bí ó bá ti fi sùúrù púpọ̀ sí i kọ́ wọn, bóyá àwọn díẹ̀ sí i ìbá ti bá a rìn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀ràn ẹrú, a kò rí bí a ṣe lè dá a lẹ́bi. Ọmọ àwọn tí a ti tà rí ni, ó sì mọ ohun tí ẹrú túmọ̀ sí.

Ẹ̀sùn dé ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1880, a mú un kúrò ní ipò rẹ̀. A kò fún un ní ipò gíga mìíràn. Breadfruit ni ó padà sí, ó sì fi nǹkan bí ogún ọdún sìn níbẹ̀. Láti ọdún 1886 títí di 1894, ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, ó sì sọ̀rọ̀ gidigidi lòdì sí òwò ọtí líle, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò náà ń mú owó wọ àpótí Ìjọba. Lẹ́yìn ogun ọdún 1892, nígbà tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí, ó lọ wàásù fún àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a dá United Native African Church sílẹ̀ ní ọdún 1891, a fẹ́ kí ó jẹ́ olórí, kò gbà. Ní ọdún 1900 a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́ fún ìhà Niger Delta. Àríyànjiyàn lórí ipò rẹ̀ ní Breadfruit mú kí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ náà, àwọn ọlọ́rọ̀ àti ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú wọn, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1901 lọ dá Ìjọ African sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Òun kò bá wọn jáde. Ó ń bá iṣẹ́ lọ ní Delta títí Olúwa fi pè é ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún, ọdún 1917.

Kí ni àwa rí kọ́? Ìwé kò pa ìgbàgbọ́ Johnson. Ó sọ ọ́ di agbẹjọ́rò àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn tí ó jáde lọ ní 1901 pàápàá kò fi Kristi sílẹ̀. Wọ́n ná owó wọn láti kọ́ ilé ìsìn. Ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe pé àwọn olówó dẹ́kun láti máa gbàdúrà. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń san owó, wọ́n ń jókòó níwájú. Ibi tí ìgbàgbọ́ béèrè ohun tí ó mú owó náà wá, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. A lè ní ìgbàgbọ́ púpọ̀ nínú gbogbo ohun tí kò fọwọ́ kan àpò wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a ti ń wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, ẹ jẹ́ kí á rán àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ láìbẹ̀rù, kí á sì ṣòwò láìtijú. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wa wo ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń bẹ nínú ilé rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Johnson ìbá sọ bí ó bá wọlé. Kí Olúwa fún wa ní ìgbàgbọ́ tí kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ìṣọ̀. Àmín.