Ìtàn Omidan Florence Nightingale, àti Ìtọ́jú Ọmọ tí Èémí Nira Fún

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa yìí bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn ẹni ńlá kan tí ó ti sùn nínú Olúwa, tí àwọn ìyá ìjọ yóò sì rí èrè nínú rẹ̀, orúkọ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì ni ó ti gbọ́ nípa obìnrin tí ó ń gbé fìtílà kiri lóru láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn fìtílà nìkan ni àwọn olùkọ́ wa sọ fún wa. Wọn kò sọ ti fèrèsé, ti fèrèsé ni mo sì fẹ́ kọ níhìn-ín.

A bí Florence Nightingale ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ọdún 1820, ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ gbé ṣe àtìpó. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọlọ́rọ̀ ni baba rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ní èdè Gíríìkì àti ti Látìnì, ẹ̀kọ́ tí a kì í sábà kọ́ obìnrin ní ayé ìgbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 1837, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ó gbà pé Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ ìsìn. Nígbà tí ó wá hàn pé iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ó fẹ́ ṣe, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fárígá. Kò yẹ kí a dá wọn lẹ́bi jù, nítorí àwọn obìnrin tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni àwọn ilé ìwòsàn máa ń gbà nígbà náà, a sì ń ka ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ọ̀mùtí. Ó dúró pẹ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ní ọdún 1851 ó lo oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí àwọn obìnrin díákónì gbé ń tọ́jú àwọn aláìsàn àti àwọn ọmọ aláìlóbìí.

Ogun Crimea ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1854 ó kó àwọn obìnrin 38 lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbin sì ń rà lábẹ́ ilé náà gan-an. Ní oṣù kejì ọdún 1855, nínú gbogbo 100 tí wọ́n gbà síbẹ̀, 42 ni ó ń kú. Ní oṣù kẹta, àwọn tí ìjọba rán wá gbá kòtò ẹ̀gbin mọ́, wọ́n sì mú kí afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, àwọn tí ń kú kò ju bí 2 lọ nínú 100. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí ọ̀ràn náà ti tó nígbà tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó padà sílé ní ọdún 1856, tí òun àti William Farr, ẹni tí ó mọ ìṣirò ikú àti ìbí, jókòó ti àwọn ìwé, ni ó tó rí i pé ẹ̀gbin àti afẹ́fẹ́ burúkú pa ènìyàn ju ọgbẹ́ lọ. Láti ìgbà náà kò tún fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣeré mọ́.

Ní ìparí ọdún 1859 ni ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Notes on Nursing jáde. Kì í ṣe àwọn nọ́ọ̀sì ni ó kọ ọ́ fún, bí kò ṣe fún gbogbo obìnrin tí ìlera ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ wọn nínú ilé. Òfin kìíní tí ó fi lélẹ̀ ni pé kí afẹ́fẹ́ inú yàrá aláìsàn mọ́ bí ti òde, kí òtútù má sì mú aláìsàn. Ó so àwọn méjèèjì pọ̀, kò sì fẹ́ kí a torí ọ̀kan pa èkejì tì: kí a fi aṣọ bo aláìsàn lórí ibùsùn, kí a sì ṣí fèrèsé. Ó kọ̀wé pé ohun tí ń pa àgbà lára náà ni ó ń pa ọmọdé lára, ṣùgbọ́n ti ọmọdé yá jù, ó sì le jù. Nínú gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ burúkú ni ó kà sí olórí ọ̀tá wọn, pàápàá ní òru, nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa mọ́ wọn. Bí àìsàn bá sì ti dí ọmọ lọ́wọ́ láti mí, wákàtí díẹ̀ péré nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu, nígbà tí àwọn àgbà tí ó jókòó nínú yàrá kan náà kò ní mọ ohunkóhun lára.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ katikíìsì ní abà kan, wọ́n wá ké sí mi lóru pé kí n wá gbàdúrà fún ọmọ ọdún méjì kan tí òtútù àyà kọlù. Ìgbà ọyẹ́ ni. Yàrá náà kéré, a sì ju mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀. Iná ń jó nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, èéfín rẹ̀ ń ta wá lójú. Wọ́n ti fi aṣọ mẹ́ta di ọmọ náà títí dé ọrùn. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, abẹ́ ìhà rẹ̀ sì ń wọnú ní gbogbo ìgbà tí ó bá mí. Ìyá àgbà kan sì ń rọ ọ́ ní àgbo. Fèrèsé kékeré kan ṣí sílẹ̀. Èmi tí mo mọ̀wé ni mo dìde tí mo tì í, nítorí mo rò pé atẹ́gùn ọyẹ́ ni yóò pa á. A gbàdúrà títí àkùkọ fi kọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà ti kọjá lọ. N kò lè sọ pé ì bá yè bí a bá ṣí fèrèsé tí a sì gbé iná jáde, nítorí àrùn náà le, kò sì sí oògùn rẹ̀ ní abà náà. Ṣùgbọ́n ìwé Omidan Nightingale wà nínú àpótí mi ní gbogbo ìgbà yẹn, n kò tíì kà á dé ibi tí ó gbé sọ ti ọmọdé.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí obìnrin yìí gbà gbọ́ ni ó tọ̀nà. Ó rò pé òórùn ẹ̀gbin fúnra rẹ̀ ni ó ń bí àrùn, ó sì pẹ́ gidigidi kí ó tó gbọ́ ti kòkòrò àrùn. Lónìí a mọ̀ pé kòkòrò ni ó ń fa òtútù àyà, àti pé nínú yàrá tí a tì pa, èémí ẹnìkan ni ẹlòmíràn ń fà símú. A sì mọ̀ pé èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, bí ìdí tí ó fi ṣí fèrèsé kò tilẹ̀ pé, ó tọ́ kí ó ṣí i.

Ohun kejì tí ó tẹnu mọ́ ni kíkíyèsí. Ó ní iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti wo aláìsàn kí ó sì mọ ohun tí ó yí padà lára rẹ̀. Títí di òní, nọ́ọ̀sì a máa ka iye ìgbà tí ọmọ tí ń wúkọ́ mí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ tí ó ti pé oṣù méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún kan bá mí tó ìgbà 50, tàbí bí ọmọ ọdún kan sí márùn-ún bá mí tó ìgbà 40, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá sì ń wọnú, bí èyí tí mo rí lóru ọjọ́ náà, a kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ní ọdún 1861 ó tún ìwé náà ṣe fún àwọn tálákà, ó sì fi orí kan kún un tí ó kọ sí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí ń gbé àbúrò wọn pọ̀n. Ó mọ̀ pé ọmọ ni ń tọ́ ọmọ nínú ilé tálákà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́ wọn pé kí aṣọ ìkókó móoru ṣùgbọ́n kí ó má fún un, kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù mú un nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa fún un ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá tí ń rọ ọmọ gbọ́. Ọmọ tí èémí ń dí kò lè gbé oúnjẹ mì kí ó sì tún mí pọ̀. Ohun tí a bá fi ipá rọ ọ́ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Nígbà tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí Great Ormond Street ti ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1852, pẹ̀lú ibùsùn 10, ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín. Omidan Nightingale kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ kíkó àwọn ọmọdé sọ́tọ̀. Ó ní bí a bá tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ obìnrin onínúure kan nínú yàrá àwọn àgbà, obìnrin náà yóò máa ṣọ́ ọ, yóò sì ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní. Ní tèmi, mo rò pé àwọn tí ó dá ilé ọmọdé sílẹ̀ ni ó rí ọ̀nà tí ó jìn, ṣùgbọ́n ó yé mi ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1863 ó tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, títí kan etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó rí i pé àwọn ọmọ náà ń kú nílé ẹ̀kọ́ ní ìlọ́po méjì àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ wọn. Ó ní kí a má ṣe há wọn mọ́ inú ilé tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ àti eré ní ìta. Ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ayé rẹ̀ ni ó fi wò wá nínú ìwé náà, èyí sì dùn mí nígbà tí mo kà á. Síbẹ̀ ó béèrè ohun tí ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1860 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ṣí ní ilé ìwòsàn St. Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1946, ọmọbìnrin Èkó kan tí ó ti kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ CMS, Kofoworola Abẹni Pratt, wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì di nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kìíní tí a kọ́ yọrí níbẹ̀. Ní ọdún 1964 ó di ọmọ Nàìjíríà kìíní tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn.

Àìsàn tí Omidan Nightingale kó ní ojú ogun kò fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí ibùsùn ni ó gbé kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1907 ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè Order of Merit, èyí tí obìnrin kankan kò tíì gbà rí. Ó sùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, ọdún 1910, ní ẹni 90 ọdún. A fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò gbà, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà ìjọ St. Margaret ní East Wellow, sí ẹ̀gbẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Ohun tí a kọ nípa rẹ̀ sára òkúta náà kò ju F.N. lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí i àti ọjọ́ tí ó kú.